Ilẹ̀kùn Keje

Ọwọ́ Ramlah ti funfun dé ọrùn-ọwọ́ kó tó kọ ilẹ̀kùn kẹta tán. Ṣọ́ọ̀kì tó ń lò kò ju ààbọ̀ lọ, pákó ilẹ̀kùn náà sì ti gbó, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, àfi kó tẹ ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọn gan-an kí lẹ́tà tó lè hàn. YORUBA. Lẹ́tà ńláńlá, bí Alàgbà Olúgbémi ṣe pàṣẹ, kí ẹni tó bá dúró lẹ́nu géètì lè kà á láì sún mọ́ ọn.

"Jẹ́ kó hàn dáadáa," ni Alàgbà wí lẹ́yìn rẹ̀. "Àwọn tó ń bọ̀ yìí kò ní sùúrù ìwé kíkà."

Alàgbà Olúgbémi ló dàgbà jù nínú ilé náà. Ará Ìjẹ̀bú ni, wáyà iná ló ń tà, ó sì ti pẹ́ ní Warri débi pé tí inú bá ń bí i, Ìjẹ̀bú àti Píjìn a máa gba ẹnu mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Òun ló gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ní àdúgbò kejì sí tiwọn, gbogbo ilé tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yà tí kò bá wọn dá sí ìjà náà sí lára ni àwọn ọmọkùnrin tó ń jólé fò kọjá. Oṣù Òkúdu ọdún 1999 ni. Ìbéèrè pé ta ló ni Warri, tí àwọn àgbà ti ń fẹnu jà lé lórí tipẹ́tipẹ́, ti di ohun tí àwọn ọmọ ń fi ìbọn dáhùn. Ọjọ́ kẹta rèé tí ẹnikẹ́ni kò dé ọjà. Láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń rí èéfín tó ń rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Sapele.

"Ogun yìí kì í ṣe tiwa," ni Alàgbà ń wí láti ọjọ́ Jímọ̀, bí ẹni ń ṣe àmín sí àdúrà ara rẹ̀.

Ramlah ni wọ́n yàn láti kọ ọ́ nítorí pé ọwọ́ ìwé rẹ̀ dára. Ọdún kejì rẹ̀ rèé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, níbi tó ti ń kọ́ nípa àwọn ẹ̀sìn àgbáyé: ohun tí wọ́n gbà gbọ́, ìwé tí wọ́n ń kà, bí wọ́n ṣe ń sìnkú wọn. Mùsbáù bàbá rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ta àgádágodo àti ìṣó lọ́jà, kò fìgbà kan fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà. Ó ní òun kò mọ ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀sìn mẹ́fà ṣe nígbà tí ẹyọ kan kò tíì ṣe é dé ilẹ̀.

Kí ìjà tó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì pa, olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Elisha, ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí àmì tí àwọn ẹlẹ́sìn fi ń dá ara wọn mọ̀. Ojú ìwé mọ́kànlá ni Ramlah kọ. Ó kọ nípa àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ń tọ́ àmì síwájú orí, àti àwọn tí kì í gé irun títí wọ́n á fi kú. Ó kọ nípa àwọn Júù tí wọ́n ń kan ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́ òpó ilẹ̀kùn, àti àpá dúdú tí ìforíkanlẹ̀ ti fi síwájú orí bàbá òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí àròkọ náà ti dùn jù ni ti ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kùn sẹ́nu ọ̀nà wọn ní Íjíbítì, tí áńgẹ́lì ikú rí, tó sì fo ilé wọn kọjá. Méjìdínlógún nínú ogún ni Ọ̀gbẹ́ni Elisha fún un.

Ìyá Misan ló sọ ìtàn ẹ̀jẹ̀ náà fún un.

Yàrá keje ni Ìyá Misan ń gbé, ní ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Yorùbá nìkan ni onílé wọn ń gbà sílé, àfi obìnrin yìí, opó Ìṣẹ̀kírì tí ọkọ rẹ̀ àti onílé jọ ṣọ̀rẹ́ kó tó kú. Misan, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ ní Pọtakọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọdé ló máa ń kọ́ ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Nígbà tí Ramlah sọ pé òun ń wá Bíbélì tí òun máa fi ṣiṣẹ́ ilé ìwé, Ìyá Misan wọ inú yàrá, ó gbé tirẹ̀ jáde, èyí tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó ní kó máa lò ó, òun mọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lórí. Ó ti tó ọdún kan tí Bíbélì náà ti wà lórí tábìlì Ramlah. Ìrọ̀lẹ́ tó sọ ìtàn Íjíbítì, sítáàṣì tí wọ́n fi ń jẹ ọbẹ̀ ló ń rò lórí iná. Ó ń rò ó, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń fi igi tó fi ń rò ó tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n kun ẹ̀jẹ̀ sí.

"Professor," bẹ́ẹ̀ ló máa ń pe Ramlah, "you dey write am down so?"

Ramlah ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀.

Ìṣẹ̀kírì sì ni àwọn ọmọkùnrin tó ń bọ̀ yìí ń wá.

Ó kọ ilẹ̀kùn kẹrin. Ó kọ ìkarùn-ún, tó jẹ́ tiwọn. Ó kọ ìkẹfà. Nígbà tó dé ìdí ìkeje, ilẹ̀kùn náà ṣí díẹ̀, Ìyá Misan dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìró tó so mọ́yà. Ó jọ pé ó ti ń ka ẹsẹ̀ Ramlah bọ̀ láti ilẹ̀kùn kìíní.

"Professor, abeg, write my own join." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "I dey hear Yoruba na. Ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí? Dem no go know."

Lóòótọ́, wọn kì bá tí mọ̀. Ọmọ ìyá ni èdè Ìṣẹ̀kírì àti Yorùbá. Tí Ìyá Misan bá ń sọ èdè rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Ramlah máa ń mú ọ̀rọ̀ méjì nínú mẹ́ta. Kódà, nínú gbogbo àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé náà, tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá tí wọ́n sì ń fi Píjìn dáhùn, kò sí èyí tí Yorùbá rẹ̀ dára ju ti obìnrin yìí lọ. Ramlah gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, ó kọ Y.

"Dúró ná," ni bàbá rẹ̀ wí.

Wọ́n pé jọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá karùn-ún, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí Ìyá Misan dúró sí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. Alàgbà ní ohun tí òun ń wò ni pé ilé yìí mọ̀ ọ́n, àdúgbò mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí i. Bí wọ́n bá wá rí i lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ Yorùbá sí, wọ́n á mọ̀ pé irọ́ ni, wọn kò sì ní gba èyí tó jẹ́ òótọ́ lára ilẹ̀kùn mẹ́fà yòókù gbọ́ mọ́.

"Kó wá sí yàrá wa," ni Kúbúrátù ìyá Ramlah wí. "Kó wọ hìjáàbù mi, kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ta ló máa ṣí obìnrin lórí?"

"Wọ́n á ṣí i. Wọ́n ti ṣí i níbòmíràn." Mùsbáù kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Kúbúrátù, bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n."

Òwe yẹn kì í ní èsì, bóyá torí ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe pa á. Kúbúrátù tún gèlè rẹ̀ so, ó wọlé lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Nù ún kúrò," ni Mùsbáù sọ fún ọmọ rẹ̀.

Ramlah fi etí hìjáàbù rẹ̀ nu Y náà. Kò tán, ó di nǹkan funfun kan tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ká má purọ́, ara tù ú. Láti ilẹ̀kùn kẹfà ló ti ń ronú ìkeje, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnìkan dá òun dúró kó má baà jẹ́ òun ni yóò pinnu. Ẹnìkan ti wá dá a dúró, bàbá rẹ̀ ni, ìgbọràn sí bàbá ẹni sì wà nínú ìwé gbogbo ẹ̀sìn tó kọ́.

Mùsbáù kì í ṣe èèyàn burúkú. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ro ọgbọ́n kan. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ọjà tú, ó ti gbé àpótí àgádágodo kan wá sílé. Ó yan èyí tó dára jù nínú rẹ̀, onídẹ, tí wọn kì í fi ayùn gé bọ̀rọ̀. Ó ní kí Ìyá Misan jókòó sínú yàrá rẹ̀, kó pa fèrèsé dé, kó má ṣe húkọ́, àwọn á sì tì í láti ìta. Ẹni tó bá rí àgádágodo á rò pé obìnrin náà ti sá lọ.

Ìyá Misan wò ó. Ó wo Alàgbà, ó wo àgádágodo náà.

"Make una lock am," ni gbogbo ohun tó sọ.

Àgádágodo náà dún. Mùsbáù ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò jalamíà rẹ̀. Inú gbogbo wọn dùn díẹ̀, àní Alàgbà tilẹ̀ gbá Mùsbáù léjìká, ó ní ọgbọ́n àwọn ará Ọ̀yọ́ kò láfiwé. Ó jọ pé wọ́n ti ṣe é lóore.

Nǹkan bí aago méjì ni wọ́n dé. Wọ́n tó mẹ́jọ, ewé tútù wà lọ́rùn-ọwọ́ wọn, èyí tó ṣáájú sì gbé ìbọn gígùn kan dání. Kò lè ju Ramlah lọ lọ́jọ́ orí. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó sì ka ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí Alàgbà ṣe fẹ́, láì sún mọ́ ọn.

"Who write this thing?"

Alàgbà tọ́ka sí Ramlah.

"Fine handwriting." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wọlé, ó ń rìn lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ẹnu ìbọn kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka iṣu. "Yoruba. Yoruba. Yoruba." Mẹ́fà. Ó dúró níwájú ìkeje. "Wetin do this one?"

"The person travel," ni Mùsbáù wí.

"Which person?"

Ọmọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó gbé àgádágodo náà sórí àtẹ́lẹwọ́, ó sì yí i padà. Bébà kékeré tí wọ́n kọ iye owó rẹ̀ sí ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín ẹni tí ọmọdé fẹ́ tàn jẹ ni.

"Baba, person travel, padlock never reach one day. Bring key. Abi make I put fire for the house, with all this fine Yoruba wey una write?"

Mùsbáù ti ọwọ́ bọ àpò. Ojú Ramlah wà lára ọwọ́ náà bó ṣe ń bọ̀ lókè. Ó wù ú kó gbọ̀n. Kò gbọ̀n. Ọwọ́ tó ti ń ṣí àgádágodo fún oníbàárà láti ọdún méjìlélógún, tó ń fi hàn wọ́n pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣí èyí náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá Misan ti múra. Ó wọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ bàtà, báàgì rẹ̀ wà lábẹ́ apá. Àfi bí ẹni tó ti mọ̀ láti ìgbà tí àgádágodo dún pé báyìí ló máa rí. Bí wọn kò bá tì í, ì bá ti fo ògiri ẹ̀yìnkùlé, kò ga. Àwọn ọmọ ilé náà ń fò ó lójoojúmọ́. Ramlah rò ó lójú ẹsẹ̀, ó sì rí i lójú obìnrin náà pé òun pàápàá ti rò ó.

Kò wo Mùsbáù, kò wo Alàgbà. Ó yíjú wo ilẹ̀kùn rẹ̀, ó rí ibi funfun tí Y ti wà. Lẹ́yìn náà ó wo etí hìjáàbù Ramlah.

"Professor," ó ní, "you for finish am."

Kò bínú. Bó ṣe ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ́ ẹsẹ kan dé àárín tí wọ́n sì gbàgbé èyí tó kù, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe sọ ọ́. Wọ́n mú obìnrin náà gba ẹnu géètì kọjá, wọ́n yà sí apá odò. Ẹni tó gbé ìbọn padà bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n má ṣe pa ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ́, àwọn mìíràn ṣì ń bọ̀.

Kò sí ìbọn tó dún. Ìyẹn gan-an ló burú, nítorí pé etí gbogbo wọn ń dúró dè é. Wọ́n dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kúbúrátù jáde, ó bá wọn níbẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń sunkún láì pariwo.

Mùsbáù yọ àgádágodo kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó fi jalamíà nù ún, ó tún bébà ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fi òun àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, nínú àpótí. Ramlah rí i. Títí bàbá rẹ̀ fi kú, Ramlah kò bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti lè jókòó ti àtẹ rẹ̀ lọ́jà mọ́.

Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù ni ọkọ̀ ṣọ́jà kan dé. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n pa àti àwọn tí wọ́n gbé lọ. Èyí tó mú ìwé dání sá fún òjò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi orúnkún ṣe tábìlì.

"Dem carry anybody for here?"

"Mama Misan," ni Alàgbà wí.

"Her name."

"Mama Misan."

"I say her name. The name wey her papa give am."

Alàgbà wo Mùsbáù. Mùsbáù wo Kúbúrátù. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti jọ ń gbé. Wọ́n mọ ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n mọ̀ pé ata kì í bá a lára mu, wọ́n mọ orin tó máa ń kọ tó bá ń fọṣọ. Àmọ́ ọmọ la fi ń pe obìnrin tó ti bímọ. Ẹni tó bá ń pe ìyálọ́mọ lórúkọ, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi fún un, wọn kò sì fún un ní nǹkan mìíràn. Wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ bàbá Misan kọjá Bàbá Misan.

Ṣọ́jà náà kọ ohun kan tí kò gùn sínú ìwé rẹ̀, ó pa á dé, ó sì jáde. Ramlah tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ka ohun tó kọ: *obìnrin kan*, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ìgbà yẹn ló rántí Bíbélì.

Ó sáré wọ yàrá wọn, ó gbé e lórí tábìlì, ó ṣí awọ ẹ̀yìn tó ti ya náà. Ó wà níbẹ̀, lójú ìwé àkọ́kọ́, yíǹkì aláwọ̀ búlúù tó ti ń ṣá, pẹ̀lú ọwọ́ ìwé tó dára ju tirẹ̀ lọ: Rólì Esther, ọmọ Tsáyé, àti ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé e lórí, ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ramlah ti fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ ẹsẹ nínú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó mọ orúkọ àwọn ọba inú rẹ̀ tẹ̀léra, ó mọ orúkọ àwọn ìyàwó wọn. Ojú ìwé yìí nìkan ni kò kà, torí pé kò sí nínú ohun tí wọ́n máa bi wọ́n nínú ìdánwò.

Ó sá jáde pẹ̀lú ìwé náà ní ṣíṣí, ó ń pariwo kí wọ́n dúró. Ọkọ̀ ṣọ́jà ti yà sí ọ̀nà Sapele.

Ó dúró sẹ́nu géètì nínú òjò, ó fi hìjáàbù bo ìwé náà kí yíǹkì má baà ṣàn. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Nígbàkigbà tó bá sọ ọ́, àwọn ẹlòmíràn ni Ramlah máa ń rò. Ó rántí àròkọ rẹ̀, ojú ìwé mọ́kànlá, àti gbogbo ohun tó kọ nípa àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà wọn: bí wọ́n ṣe pa àgùntàn, bí wọ́n ṣe jẹun ní ìdúró, bí áńgẹ́lì ṣe fò wọ́n kọjá. Kò kọ ìlà kan nípa àwọn ilé tó kù ní àdúgbò náà, tí ẹ̀jẹ̀ kò sí lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ọ̀gbẹ́ni Elisha kò sì yọ máàkì kankan nítorí rẹ̀.

Ó gbójú sókè wo inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́fà tí ó kọ hàn láti ibi tó wà, YORUBA, YORUBA, wọ́n tò tẹ̀léra wọn, wọ́n sì jọra débi pé ojú kò dúró lórí èyíkéyìí nínú wọn. Ìkeje, tí kò kọ nǹkan sí, ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ bá.